Alhaji Bọ́dúnrìn, Awakọ̀ Inú Pálọ̀

Bí ẹ bá dé Mọ̀lípà ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, tí ẹ dárúkọ Alhaji Zakariyah Bọ́dúnrìn, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ náà lójú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni yóò bi yín pé, "Ṣé ẹ ti gbọ́ ti ọjọ́ tó ya òkú sílẹ̀?" Bí ẹ tilẹ̀ ní ẹ ti gbọ́, yóò tún un sọ fún yín.

Ọ̀nà Odogbolu ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Alhaji ló wà nídìí ọkọ̀. Alhaja Wòsílátù, ìyàwó rẹ̀, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di bẹ́líìtì àyà rẹ̀ mú bí ẹni tó di okùn kànga mú. Hafeezah, ọmọbìnrin wọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Ábẹ́òkúta, wà lẹ́yìn. Níwájú wọn ni ọkọ̀ òkú funfun kan ti ń lọ jẹ́jẹ́, òdòdó bò ó, sàírínì rẹ̀ ń ké, mọ́tò àwọn ẹbí sì tò tẹ̀ lé e, gbogbo wọn tan iná lọ́sàn-án. Ẹni tí orí rẹ̀ pé yóò rọra máa tẹ̀ lé wọn. Alhaji tẹjú mọ́ ọ̀nà.

"Wòsílà," ó ní, "wo àlàfo yẹn."

Kí Wòsílátù tó béèrè pé àlàfo wo, Alhaji ti tẹ iná mọ́lẹ̀. Ó ya mọ́tò àwọn ọmọ olóògbé, ó ya ti àwọn àna, ó ya ti pásítọ̀, ó sì yọ síwájú ọkọ̀ òkú gan-an. Ó wá na ọwọ́ kan síta láti ojú fèrèsé, ó di í ní ẹ̀ṣẹ́, ó kígbe pé, "Ipò kìn-ín-ní!"

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ òkú náà kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń gbé òkú. Ó lé wọn bá, ó yọ orí síta. "Bàbá! Òkú la gbé o!"

Alhaji rọra tẹ búréèkì, ó sì dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù, bí ìgbà tó ń ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé tó gọ̀. "Mo rí i. Ìdí tí mo fi ṣíwájú nìyẹn. Òun ti dé ibi tó ń lọ. Èmi ṣì ń lọ."

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀, ẹ ní láti mọ irú awakọ̀ tí Alhaji jẹ́ tẹ́lẹ̀. Tíṣà físíìsì ni. Ó kọ́ ọmọ títí ó fi fẹ̀yìntì, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ nípa ohun tó ń sáré. Ó lè fi ṣọ́ọ̀kì ya ìdí tí táyà fi ń yọ̀ lórí omi sára pátákó, kí gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ gbé Kòrólà eléérú tirẹ̀ jáde ní géètì, gbogbo àdúgbò ní í máa bá a wà á. "Ẹ yí i sọ́tùn-ún, Alhaji!" "Ẹ fà á sẹ́yìn!" "Ọ̀tún kọ́ nìyẹn!" Ó ní láísẹ́ǹsì o. Bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín ṣe gba tiwọn ló ṣe gba tirẹ̀: ó jókòó, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó sì di awakọ̀.

Nígbà náà, jẹ̀lẹ́ńkẹ́ ló máa ń lọ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kó ẹ̀gẹ́ á máa fọn fèrè sí i lẹ́yìn. Wòsílátù máa ń sọ pé òun ra àkàrà gbígbóná lọ́jọ́ kan tí àwọn ń lọ kí àbúrò òun, Fàtímọ̀, ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, nígbà tí àwọn sì fi máa débẹ̀, àkàrà ti fẹ́ máa kan. Alhaji ní irọ́ ni. Ó ní àkàrà náà ò dáa láti ibi tí wọ́n ti rà á.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ rìfáàsì jáde, tó rò pé búréèkì ni òun tẹ̀, tí kò sì jẹ́ búréèkì. Rachel, ọmọbìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ POS lábẹ́ agboòrùn ní iwájú ilé wọn, kàn rí ìdí mọ́tò ni. Agboòrùn lọ, tábìlì lọ, àga lọ. Rachel fúnra rẹ̀ fò bí ẹtu. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, nǹkan kan ò ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbọ́ tí Kòrólà bú, yóò gbá ẹ̀rọ POS rẹ̀ mọ́yà, yóò sì lọ dúró sẹ́yìn òpó iná. Inú bí Alhaji sí i.

"Rachel, ṣé o ò nígbàgbọ́ nínú Ọlọ́run ni?"

"Mo ní i, Alhaji. Ọlọ́run ló ní kí n wá dúró sẹ́yìn òpó."

Àwọn ọmọ pe ìpàdé lórí WhatsApp. Ìpàdé WhatsApp ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn arúgbó ayé ìsinsìnyí: wọn kì í pe èèyàn láti wá rojọ́, ìdájọ́ ni wọ́n kàn ń gbọ́. Hafeezah ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Dádì. Alhaji gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ihò imú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí.

"Ẹ gbà á," ó ní. "Bí ẹ bá ti gbà á tán, ẹ gba fìlà orí mi náà. Ẹ gba eyín ẹnu mi. Kí ẹ wá gbé mi jókòó sí kọ̀rọ̀ bí odó tí wọn ò fi gúnyán mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Wòsílátù lára. Ó mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti fẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó ń dìde kí i ní kíláàsì mọ́, kọ́kọ́rọ́ tó máa ń fi ìka yí kiri nígbà tó bá ń lọ kírun nìkan ló kù tó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn bi í pé, "Alhaji, ibo lẹ ń lọ?"

Yasir, àkọ́bí wọn, ló wá ojútùú sí i. Manchester ni Yasir ń gbé, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa ti máa ń rí ojútùú sí gbogbo ìṣòro ilé bàbá wọn, àfi èyí tó bá gba kí wọ́n wá sílé. Ó ní, "Dádì, àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje gan-an máa ń fi ẹ̀rọ kọ́ ọ nínú ilé kí wọ́n tó bọ́ sójú ọ̀nà. Ó ní sítíárìn, ó ní búréèkì, gbogbo ẹ̀ dà bíi ti mọ́tò. Màá fi ọ̀kan ránṣẹ́. Bí ẹ bá forí sọ ògiri nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní ṣèṣe." Wọ́n wá jọ fẹnu kò pé kí Ìléyá tó dé, Hafeezah yóò wá láti Abẹ́òkúta, yóò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, yóò sì wo bí Dádì ṣe ń wà á. Bó bá yege, kọ́kọ́rọ́ di tirẹ̀. Bí kò bá yege, kò gbọdọ̀ jiyàn.

Bí ẹ̀rọ ṣe wọ pálọ̀ nìyẹn. Mọ́rúfù, mẹkáníìkì tó ń tún Kòrólà ṣe láti ọjọ́ tó ti délé, ló wá bá wọn tò ó. Wọ́n gbé sítíárìn sórí tábìlì, wọ́n gbé búréèkì àti iná sílẹ̀, wọ́n so wọ́n mọ́ tẹlifíṣàn ńlá. Mọ́rúfù wò ó títí.

"Alhaji, bó bá bà jẹ́, ṣé èmi lẹ máa pè ni, àbí oní-tẹlifíṣàn?"

"Ìwọ kọ́. Èyí ò ní kábúrétọ̀ tó o lè tú tí o ò ní lè tò padà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Wòsílátù jáde láti yàrá, ó bá ọkọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ó ti wẹ̀. Ó wọ bàtà. Ó fi ọ̀já tí Wòsílátù fi pọn Hafeezah nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ de ara rẹ̀ mọ́ àga, ó ní bẹ́líìtì ni. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń ṣe àdúà ìrìn-àjò.

Wòsílátù dúró títí ó fi ṣe àmín. "Ibo lẹ ń lọ, Alhaji?"

"Ítálì."

"Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi ra àlùbọ́sà."

Alhaji ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ iná. Kò tíì dé kọ́nà kìn-ín-ní tó fi gba ìdí ògiri lọ, gbàà! Ó pariwo "Lá iláhà illallọ́ọ̀", ó tú ọ̀já, ó sì bọ́ sílẹ̀ lórí àga láti lọ wo ibi tí mọ́tò ti fọ́. Ó ti dé ẹ̀yìn tẹlifíṣàn kó tó rántí. Nígbà tó padà wá, ó rí i pé bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀, tí gbogbo nǹkan á sì padà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò tuntun yọ, ó ń dán. Ẹ wo ojú Alhaji! Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi kọ́ físíìsì, òun ò mọ̀ pé àwọn òyìnbó ti rí ibi yẹn ṣe. "Wòsílà, ikú ibí yìí ní bọ́tìnnì!"

Láti ìgbà náà, ilé ò rójú mọ́. Bí wọ́n bá gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ̀, á tutù. Bí àlejò bá dé, Wòsílátù á ní, "Ẹ jókòó, Alhaji ò tíì dé láti Jámánì." Lọ́jọ́ kan tó ku díẹ̀ kó ṣe ipò kẹta láàárín àwọn tó ń bá sáré nínú ẹ̀rọ, wọ́n mú iná lọ. Òkùnkùn bo tẹlifíṣàn. Alhaji jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú sítíárìn lọ́wọ́, bí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ rì sínú odò. Ó ní, "Orílẹ̀-èdè yìí ò fẹ́ kí èèyàn rere ṣíwájú."

Ohun tó dùn mọ́ ọn jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gba kọ́nà. Ó mú un bọ́ sójú ọ̀nà lọ́gán, pẹ̀lú Wòsílátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wò ó," ó ní, "bí kọ́nà bá ń bọ̀, ìwọ á kọ́kọ́ fẹ̀ síta. Ìwọ á wá gé wọlé. Ìwọ á tún fẹ̀ síta. Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ó fẹ̀ síta, ọlọ́kadà kan bá a ya sínú gọ́tà. Ó gé wọlé, ìyá kan tó ń yan àgbàdo ní orí kọ́nà náà gbé àdògán rẹ̀ pẹ̀lú iná, ó sá.

"Alhaji!" Wòsílátù figbe ta. "Wọ́n ní kí ẹ gé kọ́nà, wọn ò ní kí ẹ gé oúnjẹ ẹni!"

Nígbà tí wọ́n délé, Alhaji pe Yasir, ó fẹjọ́ sùn. Ó ní ẹ̀rọ náà dáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ò mọ̀ pé ayé gbòòrò. "Ọ̀nà wọn ò ní kòtò. Wọn ò ní ọ̀kadà. Màálù kan ò kọjá láti ọjọ́ tí mo ti ń wà á. Ta ni wọ́n rò pé àwọn ń kọ́?" Yasir rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa bá wọn sọ ọ́. Alhaji ò dúró dè é. Ó ránṣẹ́ pe Mọ́rúfù, ó ní kó dúró sẹ́yìn àga òun, kó máa mì ín bí ọ̀nà kan báyìí tí a ò ní dárúkọ, kí ìjọba má baà bínú. Ó wá ní kí Wòsílátù mú ìgbálẹ̀ dání, kó máa sáré kọjá níwájú tẹlifíṣàn láìròtẹ́lẹ̀. Ó ní òun ni ọ̀kadà.

"Èmi? Alhaja Mẹ́kà? Ọ̀kadà?"

"Wòsílà, nítorí Ọlọ́run."

Ó kọ̀, ó kọ̀, ó tún kọ̀, ó sì mú ìgbálẹ̀. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe "píìn" wẹ́rẹ́ bí ẹni tójú ń tì. Ó tún kọjá. Nígbà tó yá, ó ti wé ìborùn mọ́ orí gírígírí, ó ń ti ilé ìdáná já bọ̀ pẹ̀lú ariwo, "Píìn-píìn-píìn! Bàbá, ṣé ojú ń dùn yín ni?" gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́kadà ṣe máa ń wí. Mọ́rúfù náà mi àga, ó mì ín débi pé Alhaji àti àga jọ wó lulẹ̀.

"Kòtò wo nìyẹn, Mọ́rúfù?" Alhaji béèrè láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kòtò kọ́, sà. Inú tó ń bí mi ni, láti ọjọ́ tí mo ti ní kí ẹ pààrọ̀ táyà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí Rachel fi wá kanlẹ̀kùn pé ṣé kò sí nǹkan. Síbẹ̀, Wòsílátù ṣàkíyèsí ohun kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò fẹ́ kí orí ọkọ rẹ̀ wú. Tẹ́lẹ̀, bí Alhaji bá fẹ́ dúró, orí òun á gba iwájú lọ, á tún gba ẹ̀yìn bọ̀, bí alángbá. Ní báyìí, ó ti ń rọra tẹ búréèkì. Tẹ́lẹ̀, ìdí mọ́tò tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló máa ń wò. Ní báyìí, ó ti ń wo ọ̀ọ́kán. Ó máa ń sọ pé, "Ibi tí ojú rẹ bá ń wò lọwọ́ rẹ máa gbé ọ lọ. Bí o bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò lo máa bọ́ sí." Ọgbọ́n ti wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò wọ ibi tó kù ni.

Hafeezah dé kí Ìléyá tó dé. Ẹ bá mi wo ọ̀nà Odogbolu lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ìdánwò yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ọkọ̀ òkú pàdé. Láti Mọ̀lípà ni Alhaji ti ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó wo díńgí. Ó fún ọlọ́kadà lọ́nà. Rachel tilẹ̀ kúrò lẹ́yìn òpó, ó juwọ́ sí wọn. Hafeezah tẹ ìyá rẹ̀ léjìká láti ẹ̀yìn, ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Máámi, ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ o." Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ rí àlàfo.

Ìgbà tí wọ́n délé, Hafeezah na ọwọ́. Alhaji náà ò jiyàn, nítorí àdéhùn ni. Ó kàn sọ pé, "Ṣùgbọ́n ẹ rí bí mo ṣe yà wọ́n láìfarakàn wọ́n." Ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Hafeezah gbé e fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì rì í sínú agolo gààrí.

Àdúgbò yọ ọ́ lẹ́nu títí. Bó bá ń lọ kírun, wọ́n á ní, "Alhaji, ta ló gba ife-ẹ̀yẹ?" Á ní ara ò gbà wọ́n. Ó ṣì ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ nínú pálọ̀, ṣùgbọ́n Wòsílátù rí i pé kò de ọ̀já mọ́. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ á wà ní títàn, òun á kàn gbé ọwọ́ lé sítíárìn, mọ́tò á dúró lójú kan, àwọn tó kù á máa ya á kọjá. Ó dun Wòsílátù ju ariwo tó máa ń pa tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó di ọjọ́ kan nínú òjò. Wọ́n pè láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ pé Fàtímọ̀ ṣubú nílé ìdáná, pé ẹnu rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè sọ̀rọ̀ já gaara. Wọ́n ní òjò ti lé gbogbo ọlọ́kọ̀ wọlé. Wòsílátù pe Mọ́rúfù, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ó pe oníkẹ̀kẹ́ tó mọ̀, ó ní Alhaja, inú òjò yìí kẹ̀? Wòsílátù dúró láàárín pálọ̀. Alhaji ń wò ó. Kò sọ pé òun á wà á.

Wòsílátù wọ ilé ìdáná, ó ti ọwọ́ bọ agolo gààrí títí dé ìgunpá, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Gààrí ń já bọ́ lára rẹ̀ nígbà tó nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe eré ìje."

"Mo mọ̀," ni Alhaji wí.

Wọ́n débẹ̀, wọ́n gbé Fàtímọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ kan gbé orí rẹ̀ lé itan. Wọ́n yíjú padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da á sílẹ̀. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nígbà tí típà oníyanrìn kan yọ ní òdìkejì, tó ń sá fún omi tó dúró lójú ọ̀nà, tó sì gba ọ̀nà tiwọn bọ̀. Wòsílátù rí iná rẹ̀. Ó gbọ́ tí Alhaji fa èémí. Kòrólà ya, ìdí rẹ̀ sì yọ̀, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ lọ, igbó ń bọ̀ láti ojú fèrèsé tí Wòsílátù jókòó sí. Ó dijú, ó ń pe Ọlọ́run.

Bó bá jẹ́ Alhaji àtijọ́ ni, à bá máa sọ ìtàn mìíràn lónìí. Yóò tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ gbàgà, ọkọ̀ yóò sì gba inú igbó lọ pẹ̀lú gbogbo wọn. Alhaji gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kò wo típà, kò wo igbó. Ojú ọ̀nà tó kù níwájú ló tẹjú mọ́, ó sì rọra yí sítíárìn tẹ̀ lé ojú rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bu omi gbígbóná. Ìdí ọkọ̀ mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì, ó sì dúró. Típà kọjá, omi rẹ̀ bò wọ́n. Nígbà tí Wòsílátù lajú, ọ̀nà ló rí, funfun, tí òjò ń rọ̀ sí.

Alhaji wakọ̀ síwájú díẹ̀, ó wá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dúró sí, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì bì sínú òjò. Nígbà tó padà jókòó, kò lè di sítíárìn mú. Wòsílátù gba ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìborùn nù ún.

"Wòsílà," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "èyí ò ní bọ́tìnnì."

Wọ́n gbé Fàtímọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Wọ́n ní bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ìbá yíwọ́. Fàtímọ̀ gbádùn; ẹsẹ̀ kan ń wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti padà sípò, ó sì tún mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n délé, Alhaji fúnra rẹ̀ ló wọ ilé ìdáná, tó da kọ́kọ́rọ́ padà sínú gààrí.

"Má sọ fún wọn," ó ní.

Ẹnu ya Wòsílátù. Ọkùnrin tó polongo fún gbogbo Mọ̀lípà pé òun ṣe ipò kẹfà ní Ítálì! "Kí ló dé?"

"Bí mo bá sọ ọ́, mo máa ní láti sọ pé ẹ̀rù bà mí. Èmi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn."

Wòsílátù ò sọ ọ́. Nígbà tí àwọn èèyàn bi Alhaji pé kí ló dé tí kò béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́, ó ní àwọn tó bá ti mókè nínú eré ìje kì í dúró di ìgbà tí ògo wọn bá wọmi. Ó ní òun ti fẹ̀yìntì. Wọ́n fi ìyẹn náà ṣẹ̀fẹ̀ fún ọdún tó kù tó lò láyé. Nínú oorun ló lọ, ní ìdájí ọjọ́ kan lẹ́yìn tó kírun Àsùbáà tán, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìyẹn gan-an ló ya Wòsílátù lẹ́nu jù, nítorí Alhaji ò lọ síbì kankan rí láìpariwo.

Lọ́jọ́ fìdáù, nígbà tí wọ́n ṣàdúà tán, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mọ́rúfù sọ ti àga tó wó. Rachel sọ ti òpó. Ẹnìkan sọ ti ọ̀nà Odogbolu, ó sì nawọ́ síta bí Alhaji ṣe nà án, ààfáà fi agbádá bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Wòsílátù bá wọn rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá nù ún, ó ní, "Ọ̀kan kù tí ẹ ò mọ̀." Ó sì sọ ti ọjọ́ òjò fún wọn, Fàtímọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí.

Nígbà tó parí rẹ̀, Mọ́rúfù ló kọ́kọ́ fọhùn. "Alhaja, kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa?"

"Ṣé ẹ ì bá gbà á gbọ́?"

Mọ́rúfù ronú sí i. Ó dàgbà dé ibi tí kò ti lè purọ́ nílé òkú. "A ò ní gbà á gbọ́," ó ní. Ó sì dojú bolẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Mọ́rúfù náà ló ń gbé Wòsílátù kiri báyìí bó bá fẹ́ jáde. Awakọ̀ gidi ni Mọ́rúfù. Láti Mọ̀lípà dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọkọ̀ kì í ta gìrì, Wòsílátù sì lè sùn bó bá wù ú. Fàtímọ̀ á wọ́ ẹsẹ̀ jáde pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Báwo lọ̀nà?"

"Ọ̀nà dáa," ni Wòsílátù máa ń wí, á sì dákẹ́, nítorí kò sí nǹkan mìíràn láti sọ. Fàtímọ̀ á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á jọ wọlé, kò sì ní bi í léèrè kí ló ń ṣe é. Ó mọ̀ pé àárò Alhaji ló ń sọ ọ́.